Màmá, Mẹ́síkò Sítì, àti Mọ́ńdè tó fẹ́ ba ètò jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Houston ni mò ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí. Màámi wá kí wa láti Ìbàdàn, wọ́n ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ wọn a máa ru ṣùgbọ́n wọ́n ń lo oògùn wọn, ẹsẹ̀ wọn ṣì dáa. Mo fẹ́ mú wọn lọ sí Mẹ́síkò Sítì ní Fẹ́búárì kí wọ́n tó padà sílé. Tọ́sìdé lọ́sàn-án la máa dé, Mọ́ńdè nírọ̀lẹ́ la máa padà. Bí mo ṣe tò ó nìyí: Fúráìdé, pírámíìdì àti ọkọ̀ ojú omi ní Xochimilco. Sátidé, Zócalo, gbàgede ńlá àárín ìlú, àti ilé Frida Kahlo, obìnrin ayàwòrán yẹn. Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì Guadalupe torí Kátólíìkì ni màámi. Mọ́ńdè, músíọ̀mù ńlá yẹn ká tó kọjá sí ẹ́pọ́ọ̀tù. Ṣé ó máa ṣeé ṣe? Gíríìn káàdì lèmi ní, físà Amẹ́ríkà ni tiwọn.

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe tò ó yẹn. Iṣẹ́ mi ni, èmi ni mo máa ń bá àwọn èèyàn wa ní Texas to ìrìnàjò Mẹ́síkò, bí mo sì ṣe rí Mọ́ńdè yín báyìí ni mo ti mọ̀ pé ẹ ò tíì wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ jù lọ músíọ̀mù ńlá ìlú yẹn ló máa ń tì pa lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Museo Nacional de Antropología tí ẹ ń sọ yẹn ń tì, ilé Frida ń tì, Templo Mayor, tẹ́ńpìlì ńlá àwọn Aztec àtijọ́, ń tì, Palacio de Bellas Artes, ilé iṣẹ́ ọnà ńlá wọn, náà ń tì. Ẹnu géètì lẹ máa dúró sí pẹ̀lú báàgì yín, kò sì sí ìgbà míì tí ẹ máa fi padà wá torí bàálù ń dúró dè yín. Sọ́ńdè náà ní wàhálà tiẹ̀: ọmọ Mẹ́síkò àtàwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í sanwó ìwọlé lọ́jọ́ Sọ́ńdè ní àwọn músíọ̀mù ìjọba àti ní pírámíìdì, bàbá, ìyá, ọmọ, gbogbo wọn ló máa ń jáde, ẹ̀yin àlejò ẹ máa sanwó yín, ẹ sì tún máa to sẹ́yìn wọn.

Nǹkan kejì ni pé ìlú yẹn tóbi ju bó ṣe rí lórí fóònù lọ. Gúúsù pátápátá ni Xochimilco wà, Teotihuacan tí àwọn pírámíìdì wà ò tiẹ̀ sí nínú ìlú rárá, ó tó bíi 50 kìlómítà sí apá àríwá ìlà-oòrùn. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ṣe méjèèjì lóòjọ́, inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni màmá á ti lo Fúráìdé wọn, tí wọ́n bá sì máa fi dé ìdí ọkọ̀ ojú omi yẹn oorun ni wọ́n máa fẹ́ sùn. Tèmi ni pé apá kan ìlú lóòjọ́, ká má dá a kọjá.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ìwé torí ìyẹn ló ń dá èèyàn padà ní káńtà. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà máa ń gba físà kó tó wọ Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní gíríìn káàdì, tàbí físà Amẹ́ríkà tí kò tíì kú, lè wọlé gẹ́gẹ́ bí arìnrìnàjò afẹ́ láì gba tiwọn, nítorí náà ẹ̀yin méjèèjì lẹ wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa ni físà màmá fúnra ẹ̀: kó ṣì wà láàyè lọ́jọ́ tí ẹ máa padà sí Houston, kó má sì jẹ́ èyí tí wọ́n fún wọn láti fi wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí wíwọ Mẹ́síkò rọrùn, pípadà sí Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú káàdì àti ìwé gangan dání o, fọ́tò inú fóònù ò jẹ́ nǹkankan níwájú ẹni tó ń fún yín ní ìwé ìwọkọ̀ ní Houston.

Tí ẹ ò bá tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta tó wà lára ẹ̀. MEX lẹ fẹ́, ìyẹn Benito Juárez, àárín ìlú ló wà. Tí ẹ bá rí NLU, Felipe Ángeles nìyẹn, èyí tí wọ́n ṣí ní 2022, ó jìnnà gan-an sí àríwá, owó tí ẹ rò pé ẹ jẹ lérè lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ á gbà á padà. Láti MEX ẹ lè pe Uber tàbí DiDi, tàbí kẹ́ ẹ sanwó takisí ní káńtà wọn nínú ẹ́pọ́ọ̀tù níbẹ̀. Ẹ má tẹ̀lé ẹni tó bá wá ń fa báàgì lọ́wọ́ yín jàre, kò sí ibi tí wọn ò sí láyé.

Hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ wá a sí Roma Norte, Condesa tàbí Juárez. Igi pọ̀ níbẹ̀, ilé oúnjẹ pọ̀, màmá lè jáde lọ rìn díẹ̀ láàárọ̀ láìsí pé ọkàn yín ń lù. Ẹ béèrè bóyá lífùtì wà torí ilé àtijọ́ ló pọ̀ ládùúgbò yẹn, kẹ́ ẹ sì béèrè hítà. Ọ̀sán Fẹ́búárì dáa, oòrùn wà, òjò kì í sáàbà rọ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ àti ìdájí tutù débi tí ọmọ Ìbàdàn á máa béèrè bùláńkẹ́ẹ̀tì, yàrá tí kò sì ní hítà pọ̀ níbẹ̀.

Ìdí tó fi ń tutù bẹ́ẹ̀ náà ló fi yẹ kẹ́ ẹ fún Tọ́sìdé láàyè. Ìlú yẹn fi bíi 2,240 mítà ga ju òkun lọ, Houston sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú òkun, kò sí ẹni tí ọjọ́ kìíní kì í mú, ẹ máa gun àtẹ̀gùn díẹ̀ báyìí kẹ́ ẹ sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni sáré. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ mọ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ bá dókítà màmá sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ mú ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru dání, omi lọ́pọ̀lọpọ̀, oúnjẹ alẹ́ tí kò wúwo. Omi inú ìgò o, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá ti sinmi, nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdé yẹn kẹ́ ẹ kàn lọ jókòó ní Alameda Central, pákì ni, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, Bellas Artes wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú òrùlé aláwọ̀ ọsàn yẹn. Tó bá ṣì ṣí, ẹ wọlé lọ sókè. Àwòrán ara ògiri tí Diego Rivera, ayàwòrán ọmọ Mẹ́síkò, yà fún ilé Rockefeller ní New York tí wọ́n fọ́ dànù torí ó ya Lenin, olórí àwọn kọ́múníìsì Rọ́ṣíà, sí i, ibẹ̀ ló ti padà wá tún un yà ní 1934, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Fúráìdé ni kẹ́ ẹ fún músíọ̀mù ńlá. Ẹ dé bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn. 1964 ni wọ́n ṣí ilé yẹn, Pedro Ramírez Vázquez ló ya plánù ẹ̀, òpó kan ṣoṣo ló gbé òrùlé àgbàlá ńlá náà ró, omi á máa dà wálẹ̀ yí òpó yẹn ká bí òjò, àwọn ọmọdé á máa sá wọ inú ẹ̀. Yàrá ibẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ wo gbogbo ẹ̀ kò ní rántí ọ̀kan. Ẹ wo yàrá Mexica, ìyẹn àwọn tí ayé ń pè ní Aztec, ibẹ̀ ni Piedra del Sol wà, òkúta róbótó tó tó tọ́ọ̀nù 24, ẹ wo yàrá Teotihuacan torí Sátidé yín, tí agbára bá ṣì kù kẹ́ ẹ wo ti Maya, ó tó. Àga wà nínú àgbàlá, ẹ jẹ́ kí màmá máa jókòó. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tún gun òkè lọ sí Castillo de Chapultepec, ilé ọba àtijọ́, lọ́jọ́ kan náà, ẹ sọ pé rárá, òkè ni lóòótọ́.

Sátidé lọjọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ náwó sí. Wò ó, bọ́ọ̀sì wà, láti Terminal del Norte, wọ́n á kọ Pirámides síwájú ẹ̀, kò wọ́n rárá, ó sì máa ń tó wákàtí kan. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, bọ́ọ̀sì ni mo máa ní kẹ́ ẹ wọ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú màmá, ẹ ní kí hòtẹ́ẹ̀lì bá yín wá dírẹ́bà tó máa dúró dè yín títí ọ̀sán, torí lílọ kì í le, rírí Uber padà láti ibẹ̀ ló máa ń le, mo ti rí àwọn tó dúró sínú oòrùn títí ojú wọn fi pọ́n. Ẹ gbéra láàárọ̀ kùtù. Kò sí igi, kò sí ibòòji, ọ̀nà àárín tí wọ́n ń pè ní Calzada de los Muertos tó bíi kìlómítà méjì, ẹ mú fìlà, ẹ mú agbòòrùn, ẹ wọ bàtà tó ṣeé rìn, kẹ́ ẹ má rìn ín tán. Ọ̀pọ̀ ń rò pé àwọn Aztec ló kọ́ ibẹ̀, irọ́ ni, nígbà tí àwọn yẹn máa fi dé, ìlú náà ti dahoro fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ló kàn sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó wà lójú ọpọ́n, èèyàn tó lé ní 100,000 ló ń gbé inú ẹ̀. Pírámíìdì Oòrùn ga tó bíi 65 mítà, wọn ò sì gbà kí èèyàn gùn ún mọ́ láti 2020, èyí tó dùn mọ́ mi nínú fún yín torí màmá ò ní máa sọ pé kẹ́ ẹ lọ gùn ún kí àwọn dúró nísàlẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ẹranko kan tó máa bú lẹ́yìn yín bí ẹkùn, ẹ má bẹ̀rù, àwọn tó ń ta fèrè amọ̀ ni. Ẹ ná an dáadáa, iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè yẹn, ti òyìnbó ni.

Ibi tí ètò yín ti máa dùn nìyí: apá àríwá ìlú náà ni Basílica de Guadalupe wà, lójú ọ̀nà pírámíìdì. Ẹ ò nílò Sọ́ńdè fún un. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Teotihuacan, ẹ jẹun, kẹ́ ẹ yà síbẹ̀. Sọ́ńdè gan-an, àwọn tó wá gbàdúrà máa ń kún ibẹ̀ dẹ́nu, àwọn kan á fi orúnkún rìn wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì méjì lẹ máa rí, èyí àtijọ́ ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú yín ò ní tàn yín, ilẹ̀ ìlú yẹn ń rì torí orí adágún omi ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ramírez Vázquez kan náà tó ṣe músíọ̀mù wà lára àwọn tó ya plánù èyí tuntun, 1976 ni wọ́n ṣí i, róbótó ni, ibi tó wù kéèyàn jókòó sí ló ti máa rí pẹpẹ. Aṣọ Juan Diego, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n ní Màríà farahàn fún, tí àwòrán Màríà wà lára ẹ̀ tí wọ́n ní ó farahàn lọ́dún 1531, wà lókè ògiri lẹ́yìn pẹpẹ. Ẹ má dúró síwájú nìkan. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ ẹ̀, ilẹ̀ tó ń gbé èèyàn rìn wà níbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà ní ẹ́pọ́ọ̀tù, wọ́n fi síbẹ̀ kí èrò má baà dúró sójú kan. Màmá lè gùn ún lọ gùn ún bọ̀ bó bá ṣe wù wọ́n, kò sẹ́ni tó máa lé wọn, wọ́n lè ka rosary wọn délẹ̀ níbẹ̀.

Sọ́ńdè, ẹ lọ sí Coyoacán, àdúgbò apá gúúsù ìlú tí ilé Frida wà. Ilé Frida kì í ṣe músíọ̀mù ìjọba, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ Sọ́ńdè ò kàn án, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rà á pẹ̀lú wákàtí tí ẹ máa wọlé, ti òpin ọ̀sẹ̀ sì máa ń tètè tán. Ilé aláwọ̀ búlúù ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1907, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1954, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ tó ní dígí lókè tó fi ń wo ara ẹ̀ yàwòrán ṣì wà. Inú ẹ̀ kéré, kò ní gbà yín lákòókò. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ rìn lọ sínú ọjà Coyoacán lọ jẹ tostada, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ gbígbẹ tí wọ́n ń kó oúnjẹ lé lórí, kẹ́ ẹ jókòó sí gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Xochimilco tí ẹ ń fẹ́, tó bá jẹ́ dandan, Sọ́ńdè yìí náà ni, torí gúúsù kan náà ni. Iye ọkọ̀ fún wákàtí kan ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe iye èèyàn, ẹni méjì ló máa sanwó tí ẹni mẹ́wàá ń san. Àwọn oko orí omi tí àwọn baba ńlá wọn ṣe, chinampa, ló yẹ kéèyàn lọ wò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán Sọ́ńdè, bíà àti orin lẹ máa bá. Ká ní èmi ni, mo máa fò ó.

Wàyí o, Mọ́ńdè. Gbogbo nǹkan tí kò ní ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ kó síbẹ̀. Zócalo kì í tì, ọ̀kan lára àwọn gbàgede tó tóbi jù láyé ni, kàtídírà ń ṣí, láti 1573 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ó di 1813 kó tó parí. Templo Mayor máa wà ní títì ṣùgbọ́n ẹ lè dúró sí etí irin kẹ́ ẹ rí àwọn àtẹ̀gùn òkúta ẹ̀ láti títì. Àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná tó ń gbẹ́lẹ̀ ní Fẹ́búárì 1978 ló ṣèèṣì kan òkúta ńlá tí wọ́n gbẹ́ Coyolxauhqui, òrìṣà obìnrin àwọn Aztec, sí níbẹ̀, ìjọba bá wó àwọn ilé orí ẹ̀ kí wọ́n lè wú u jáde. Ẹ̀ ń gbọ́, láti ibẹ̀, ẹ lè wọ métírò lọ sí Pino Suárez, ìdúró kan péré ni, 5 pésò. Tẹ́ńpìlì róbótó kan tí wọ́n bá pàdé nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ojú irin ní 1967, wọn ò gbé e kúrò, ó wà láàárín ibi tí èrò ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, àwọn èèyàn á kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn aago mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ lọ, láàárọ̀ wọ́n máa fún yín pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́ọ̀ṣì iwájú, tobìnrin àtọmọdé ni wọ́n fi í ṣe lákòókò èrò. Ilé pósítọ́fíìsì àtijọ́ tó dojú kọ Bellas Artes náà ń ṣí ní Mọ́ńdè torí iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, 1907 ni wọ́n ṣí i, àtẹ̀gùn inú ẹ̀ ń dán bíi wúrà. Ohun tí ẹ máa rà lọ sílé, ọjà La Ciudadela.

Ọjà Sonora náà wà, kò jìnnà púpọ̀ sí Pino Suárez, mi ò fi sínú ètò yín torí ó há, àwọn jáwójáwó sì wà níbẹ̀, àmọ́ ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ewé, egbò, àgbo, àti ẹ̀ka kan tó jẹ́ ti Santería, ẹ̀sìn òrìṣà wa tó gba Kúbà wá, Changó, Yemayá, Eleguá, ìlẹ̀kẹ̀ oríṣiríṣi. Bóyá màmá á bínú, bóyá wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ mọ ìyá yín.

Oúnjẹ ò ní yọ yín lẹ́nu. Àgbàdo tí à ń jẹ, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ṣẹ̀, bíi 9,000 ọdún sẹ́yìn ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti sọ koríko kan di àgbàdo. Láàárọ̀ ẹ ra tamal lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní igun títì, wọ́n á fi èèpo àgbàdo pọ́n ọn bí à ṣe ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ, pẹ̀lú atole gbígbóná, ògì tiwọn nìyẹn. Lọ́sàn-án ẹ wá ibi tí wọ́n kọ comida corrida sí, ọbẹ̀ omi, ìrẹsì, ẹran, ohun mímu, owó kan ṣoṣo. Lálẹ́, tacos al pastor, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó ń yí lórí irin, ọ̀dọ̀ àwọn ará Lẹ́bánónì tó kó wá síbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ, tí abẹ yẹn bá kọjá lókè tí ọ̀pẹ òyìnbó já bọ́ sínú taco, ẹ máa pàtẹ́wọ́. Ata wọn ta, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí, ẹ̀yin lẹ máa bù ú.

Owó ńkọ́? Àmì dọ́là tí ẹ máa rí lára ọjà, pésò ni wọ́n ń fi kọ, kẹ́ ẹ má sáré. Dọ́là kan máa ń tó bíi 17 sí 20 pésò. ATM inú báńkì ni kẹ́ ẹ lò, tó bá bi yín pé ṣé kí òun ṣẹ́ owó náà sí dọ́là fún yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ pé rárá. Ẹ ní ṣéńjì lọ́wọ́ fún ilé ìtura, wọ́n ń gbowó. Tí ẹ bá gbọ́ tí gbohùngbohùn títì bẹ̀rẹ̀ sí í ké alerta sísmica, ilẹ̀ fẹ́ mì nìyẹn, ẹ tẹ̀lé àwọn ará ibẹ̀, ibi tí wọ́n bá ń lọ ni kẹ́ ẹ lọ, wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì tìtì níbẹ̀ lọ́dún 1985.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe lónìí ni tíkẹ́ẹ̀tì Frida, kẹ́ ẹ tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì pàápàá. Tí ti Sọ́ńdè bá ti tán, ẹ ra ti Fúráìdé, kẹ́ ẹ wá gbé músíọ̀mù ńlá lọ sí Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí i, torí tó bá ti di ọ̀sán, gbogbo Mẹ́síkò ló máa wà nínú ẹ̀. Sátidé ò ṣeé gbé kúrò o.